Òṣùmàrè Àgbàlá Bàbá Dàwódù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa. Kí ẹni tó gbé ìkòkò kaná lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá fún yín kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tó ní òun máa mú òṣùmàrè wọ àgbàlá olórí ilé kan láàárọ̀, láìsí òjò, láìsí ìkùukùu. Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́ dópin. Ẹni tó bá ń kánjú, ọ̀nà rélùwéè nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin ló ń sáré, ìtàn kì í sáré.

Lọ́dún 1955 ni, ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àgége ò tíì fẹ̀ tó báyìí. Oko obì ṣì wà lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn, ọkọ̀ ojú irin a máa kó obì lọ sí Kánò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà a sì máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní ìdájí. Bí wọ́n ṣe kéde pé ọmọ ò ní sanwó iléèwé mọ́, ńṣe làwọn òbí tú ọmọ síta bí ẹní tú ẹ̀wà sórí ẹní. Iléèwé àwọn mùsùlùmí tó wà nítòsí ojú irin kún, ó kún títí ó fi ń ya sílẹ̀. Ni ọ̀gá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, bá mú ẹsẹ̀ rìn, ó lọ bẹ Bàbá Dàwódù.

Bàbá Dàwódù yìí, ọmọ onílẹ̀ ni. Ó ní àgbàlá tó tẹ́jú bí pápá, ó sì ní àtíbàbà onípáànù kan níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń di obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lò ó. Ọmọ yín lọmọ mi." Kò gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe kó bẹ́ǹṣì síbẹ̀ nìyẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, tí wọ́n sì fi wọ́n sí abẹ́ Sùlíyá Àjíṣọlá. Sùlíyá ka ìwé mẹ́fà, ó fi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ tíṣà lé e. Ó kéré lára, ṣùgbọ́n bí ó bá di nǹkan mú, ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ kọ́ wọn ni àwọ̀. Ó gbé osùn sókè, ó ní, "Àwọ̀ wo nìyí?"

Àwọn ọmọ ní, "Pupa!"

Ó gbé ìyeyè sókè. "Èyí ńkọ́?"

"Pupa!"

Ó ṣí ọsàn tó pọ́n. "Èyí?"

"Pupa!"

Ó já ewé obì. Wọ́n ní, "Dúdú!" Ó fi aṣọ aláró tó ró hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Dúdú!"

Kò bú wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé náà nìyẹn, bí ìyá Sùlíyá fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Pupa ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n pupa osùn àti pupa ìyeyè, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ilé bàbá oníkálukú pè é." Ló bá ṣe orin fún wọn, wọ́n a sì máa fi àtẹ́wọ́ gbè é títí àwọn tó ń di obì lọ́ọ̀ọ́kán fi mọ̀ ọ́n:

Osùn ló ṣáájú, ọsàn tẹ̀ lé e,
Ìyeyè pọ́n, ewé tutù,
Sánmà mọ́ lókè, aró ró nínú ìkòkò,
Àlùkò ló pa ilẹ̀kùn dé.

Àlùkò, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń dán yẹn, tí kì í ṣe aró tí kì í sì í ṣe osùn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn ọmọ dé pẹ̀lú ariwo. Òṣùmàrè ti yọ nírọ̀lẹ́ àná lápá Àgídìngbì, gbogbo wọn ló rí i. Sùlíyá ní, "Kí ni òṣùmàrè?"

Kúbúrá, ọmọ-ọmọ Bàbá Dàwódù, ló dìde. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ni. "Erè ńlá ni, Tíṣà. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ó máa ń jáde wá mu òjò kí omi má bàa pọ̀ jù. Ẹ ò gbọdọ̀ nàka sí i o, ìka yín á gé. Bàbá àgbà ló sọ fún wa."

Sùlíyá ní, "Kì í ṣe ejò, Kúbúrá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni. Ó dà bíi pé funfun ni ìmọ́lẹ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n osùn, ọsàn, ìyeyè, gbogbo àwọn tí à ń kọ lórin, inú rẹ̀ ni wọ́n sá pamọ́ sí. Bó bá wọ inú ẹ̀kán omi, wọ́n á tú jáde."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kúbúrá délé, ó bá bàbá rẹ̀ àgbà láàárín àwọn àlejò tó wá ra obì, ó sì ké tantan pé, "Bàbá àgbà, Tíṣà ní irọ́ lẹ pa. Ó ní òṣùmàrè kì í ṣe ejò!" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbá itan. Bàbá Dàwódù kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá dúró sí ẹnu àtíbàbà, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Sùlíyá kúnlẹ̀ kí i.

"Tíṣà, ta ló fún yín níbi tí ẹ wà yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Ibẹ̀ lo wá jókòó sí tí o sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ-ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. N ò pè yín lópùrọ́."

"Bàbá mi ló sọ fún mi pé ejò ni. Bàbá tiẹ̀ ló sọ fún òun náà. Ṣé gbogbo wa la kó ara wa jọ tí a pa irọ́?"

Sùlíyá wo ilẹ̀. Ì bá sọ pé kí wọ́n darí jì òun, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wò ó. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo sọ fún wọn, mo lè fi hàn yín."

"Fi kí ni hàn mí?"

"Òṣùmàrè. Nínú àgbàlá yín níbí. Láìsí òjò."

Ìyá Jẹ̀lílì, ìyàwó Bàbá tó kéré jù, tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Ó fẹ́ pe ejò wọlé!"

Bàbá gbọ́wọ́ sókè kí ó dákẹ́. "Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la. Bí o bá mú un wá tí ojú mi rí i, ọ̀rọ̀ tán. Bí n ò bá rí i, ẹ kó bẹ́ǹṣì yín, kí n máa di obì mi. N ò lè fi ilé mi ṣe ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ ọmọ láti bú mi."

Ẹ̀yin ará, ibi tí Sùlíyá gbójú lé ni pé olùkọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti ṣe é lójú rẹ̀ rí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: ó gba omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn, àwọ̀ sì là nínú rẹ̀. Ó rò pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oòrùn ràn. Àwọn ọmọ tò sí àgbàlá bí wọ́n ṣe máa ń tò láràárọ̀, wọ́n kọjú sí gábàsì bí ẹni fẹ́ kírun, wọ́n ka Fátíà, wọ́n ṣàmín. Bàbá jókòó sórí àga. Sùlíyá dúró níwájú àwọn ọmọ, òun náà kọjú sí gábàsì, ó gba omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn sókè. Omi balẹ̀. Ó tún un fọ́n. Omi náà balẹ̀. Ó fọ́n ọn títí iwájú bùbá rẹ̀ fi tutù jìnnìjìnnì, kò sí àwọ̀ kankan, àfi oòrùn tó ń gún gbogbo wọn lójú.

Ìyá Jẹ̀lílì ní, "Tíṣà, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ lọ̀ ni? Ẹ jẹ́ n lọ gbé tọkọ mi wá, ó ti rún." Àwọn obìnrin ilé dá ẹ̀rín. Àwọn ọmọ kan náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wo ojú ara wọn.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó dìde. "Mo ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá kó bẹ́ǹṣì yín."

Sùlíyá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí omi ẹnu rẹ̀ ṣe. "Bàbá, ẹ fún mi di Jímọ̀."

"Kí ni Jímọ̀ fẹ́ ṣe tí òní ò lè ṣe?"

"N ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Bàbá ní, "Láàárọ̀ Jímọ̀, bíi tòní. Kì í ṣe ọ̀sán, mò ń lọ sí mọ́sálásí. Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣe bẹ̀ mí mọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú gbọ́, ó sáré wá. "Sùlíyá, o fẹ́ pa mí. Lọ bá bàbá yẹn, sọ fún wọn pé ejò ni. Ejò, ejò, ó tán. Kí ló máa gbà ọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, n ò lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ."

"Nígbà tí wọ́n bá lé wa, ṣé orí ẹ ni kí n kó àwọn ọmọ sí? Kò sí yàrá kankan. Ilé ni wọ́n máa padà sí títí di ọdún tó ń bọ̀, o sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní wá mọ́. Àwọn ọmọbìnrin yẹn, ọjà ni ìyá wọn máa fi wọ́n sí."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ rí i nìyẹn."

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí Sùlíyá ti kírun àsùbáà tán, kò dìde lórí ẹní ìrun. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yọ, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gba omi ó ń fọ́n ọn síwájú. Kò rí nǹkankan. Àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá oògùn ikọ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń ti ojú irin bọ̀, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Suara kọjá. Suara jẹ́ alágbàfọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló ń lọ aṣọ kákí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ooru ti lé e jáde, ó gbé tábìlì síta gbangba. Ó gba omi sẹ́nu, ó fọ́n ọn fùù sórí ṣòkòtò. Sùlíyá sì dúró gbagidi láàárín ọ̀nà.

"Bọ̀dá Suara! Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀!"

Suara gbé áyọ̀ọ̀nù sókè wìì. "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé mo ti jó ṣòkòtò oníṣòkòtò ni?"

"Òṣùmàrè! Nínú omi ẹnu yín!"

"Tíṣà, ẹ lọ sinmi. Ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń da èèyàn lórí rú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fọ́n."

Suara tún un fọ́n. Sùlíyá pariwo. Suara la ojú rẹ̀ títí omi fi ń bọ́ níbẹ̀. "N ò rí nǹkankan o. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ wá dúró síbi tí mo dúró. Ẹ jẹ́ kí èmi wá síbi tábìlì."

Wọ́n pààrọ̀ ààyè. Sùlíyá gba omi, ó fọ́n ọn. Suara fò sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń kọjá. "Háà! Subúánà Lọ́áì! Pupa rèé, ewé rèé! Tíṣà, ẹ wò ó!"

Ṣùgbọ́n Sùlíyá ò rí i. Láti ibi tábìlì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló kàn án lójú gan-an, tó fi ní láti fi ọwọ́ bò ó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Sùlíyá ò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wò lọ́jọ́ náà. Suara tó ń fò yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà. Òun tí ò rí nǹkankan, iwájú rẹ̀ ni oòrùn wà. Láàárọ̀, ibo ni oòrùn ti ń yọ? Gábàsì. Ibo ni gbogbo wọn ń kọjú sí láàárọ̀, òun àti àwọn ọmọ àti ẹní ìrun rẹ̀? Gábàsì.

Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá Suara." Ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń fọ́n omi kiri fún àwọn ará àdúgbò.

Jímọ̀ mọ́. Ìkùukùu wà lójú ọ̀run díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ń ti inú rẹ̀ yọjú. Àgbàlá kún. Bàbá Dàwódù jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ níbi tó máa ń jókòó sí, ó kọjú sí gábàsì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ka Fátíà tán.

Sùlíyá ní, "Ó dáa. Ẹ yípadà. Gbogbo yín, ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìpájà."

Ọmọ kankan ò mira.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yípadà."

Kúbúrá ní, "Tíṣà, àwa kì í kẹ̀yìn sí gábàsì. Ìyá mi ní kò dáa."

Ìyá Jẹ̀lílì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ tẹnu ọmọ? Ó fẹ́ kọ́ wọn ní kèfèrí ní kùtù Jímọ̀!"

Sùlíyá kọjú sí àwọn ọmọ. Ó ní, "Àwọn wo ni ilé wọn wà lápá Ìkẹjà?" Àwọn kan nàwọ́. "Bí ẹ ṣe ń bọ̀ níléèwé láàárọ̀ yìí, ibo lẹ kẹ̀yìn sí?"

Ọmọkùnrin kan ronú títí, ó ní, "Gábàsì!" Ẹ̀rù ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde bà á, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ẹ wá fi ẹ̀yìn rìn wá ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. "Bí a bá ń kírun, a ó kọjú sí gábàsì. Ṣé ìrun la fẹ́ kí báyìí?"

"Rárá, Tíṣà."

Síbẹ̀ wọn ò yí. Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Bó bá mi orí báyìí, ó tán. Bàbá ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ díẹ̀, kò kánjú. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo bá ń lọ sóko, ẹ̀yìn mi ni gábàsì wà. Ẹ yípadà." Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò kúrò lórí àga.

Àwọn ọmọ yí. Oòrùn bà lé ẹ̀yìn ọrùn wọn. Sùlíyá bọ́ síwájú wọn, ó gba omi, ó fọ́n ọn. Atẹ́gùn gbé e lọ. Ó mí, ó tún gba omi, ó fún ètè rẹ̀ pọ̀ bíi ti alágbàfọ̀, ó fọ́n ọn kúnná bí ìrì.

Ariwo ta. "Ó wà níbẹ̀! Osùn! Osùn ló ṣáájú!"

"Ìyeyè! Mo rí ìyeyè!"

"Ewé ńkọ́? Ewé dà?"

"Òun nìyẹn, o fọ́jú ni?"

Wọ́n ń nàka, gbogbo ìka wọn ló lọ sókè. Àwọn ìyá ń kígbe, "Ẹ ká ìka yín kò! Ẹ ká a kò!" Ta ló máa gbọ́?

Bàbá Dàwódù na ọrùn. Ohun tó rí ni oòrùn tó ń dán lójú rẹ̀ àti omi tó ń balẹ̀ àti àwọn ọmọ tí wọ́n nàka sí ọ̀gangan ibi tó jókòó sí. Ó ní, "Ẹ ti kọ́ wọn lórin, wọ́n sì ń kọ ọ́. N ò rí nǹkankan."

Sùlíyá ní, "Bàbá, ẹ ò lè rí i níbẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ìyá Jẹ̀lílì ní, "Bàbá, ẹ má lọ o!"

Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni, ohun tó sì mú Bàbá dìde nìyẹn. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó gba àárín àgbàlá kọjá. Kúbúrá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọ àárín àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ yí, Bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín." Bàbá yí.

Omi tó kù nínú kẹ́tù ò pọ̀ mọ́. Ètè Sùlíyá ti kú tipiri. Ó gbà á, ó fọ́n ọn.

Bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ní, "Tún un fọ́n." Sùlíyá tún un fọ́n.

"Mẹ́ta ni mo rí."

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó dáadáa, ó ju mẹ́ta lọ," Kúbúrá sọ.

"Hẹn. Èyí tó fara ti osùn yẹn, kí lẹ pè é?"

"Ọsàn!" gbogbo ọmọ dáhùn.

"Ọsàn. Tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá?"

"Àlùkò!"

"Èmi ò rí àlùkò."

Ọmọ kan ní, "Èmi náà ò rí i, Bàbá. Kúbúrá ló ń sọ pé òun rí i."

Kúbúrá ní, "Mo rí i!" Ìjà fẹ́ bẹ́. Bàbá fọwọ́ dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n lọ pọn omi wá kún kẹ́tù. Ó gbà á lọ́wọ́ Sùlíyá, ó gba omi sẹ́nu fúnra rẹ̀, ó fọ́n ọn. Eyín tó ti yọ ò jẹ́ kó kúnná, irùngbọ̀n rẹ̀ ló mu èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Nígbà tó yá, díẹ̀ là nínú rẹ̀, ó sì gbóhùn sókè sí ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Jẹ̀lílì, wá wò ó. Kò ní í bù ọ́ jẹ."

Lẹ́yìn tó nu irùngbọ̀n tán, ó ní, "Tíṣà, èyí tó wà nínú omi ẹnu, ìmọ́lẹ̀ ni. Mo fojú mi rí i, n ò lè sọ pé n ò rí i. Èyí tó ń yọ lójú sánmà, n ò tíì débẹ̀. Ejò ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́, ejò ni n ó ṣì máa pè é."

"Bàbá, bó bá tún yọ, ẹ kàn wo ibi tí oòrùn wà."

"O kì í gbà, àbí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá." Sùlíyá kúnlẹ̀. "Àtíbàbà wa ńkọ́?"

Bàbá ti ń padà sórí àga rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ kó bẹ́ǹṣì? Oòrùn ti ń ga. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́." Ó sì pè sẹ́yìn ilé pé kí wọ́n wá abẹ́ igi míì tí wọ́n á ti máa di obì.

Abẹ́ páànù yẹn ni wọ́n wà títí iléèwé fi kọ́ yàrá tuntun. Ọmọbìnrin kankan ò padà sọ́jà nínú wọn lọ́dún náà.

Kúbúrá tìkára rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún Fúnmilọ́lá ìyàwó mi, nígbà tí wọ́n jọ ń gbé ní Àgídìngbì, tí òun náà ti di ìyá àgbà. Ó ní òun rí àlùkò lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò rí i. Fúnmilọ́lá sọ ọ́ fún mi bí ó ṣe gbọ́ ọ, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún yín.